Ẹjọ́ Tí Ọdẹ́bùnmi Bá Ọba Aláìtẹlẹ̀ Rò

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kó jẹ ẹ́ tán. Ẹni tó bá ń wúkọ́, kó wú u tán. Nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ kí ohùn mìíràn gba iwájú òun kọjá. Èmi tí ẹ ń wò yìí, ọdẹ ni mí. Àpá tó wà léjìká mi yìí, ẹfọ̀n ló fi ta mí lọ́rẹ. Ẹfọ̀n náà kò sí láyé mọ́; èmi nìyí, mo ń mu ẹmu. Bí ẹ bá rí ẹni tó mọ ìtàn igbó sọ jù mí lọ ní gbogbo agbègbè yìí, ẹ júwe ilé rẹ̀ fún mi, kí n lọ kí i pé ó kú irọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ti gbójú tó yìí, n kò tó ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Ọdẹ́bùnmi ni orúkọ rẹ̀, obìnrin tí ìbọn kò wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju orógùn ọkà lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ fi wá ọmọkùnrin lẹ́yìn rẹ̀ tí kò rí, ló bá kọ́ ọ níṣẹ́ ọdẹ. Nígbà tí ọmọkùnrin náà wá dé, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ọdẹ́níran, Ọdẹ́bùnmi ló kọ́ àbúrò rẹ̀ yìí bí a ti ń ka ipasẹ̀ ẹran, bí a ti ń mí nígbà tí ẹkùn bá wà nítòsí.

Ìlú wọn ni Ìgbẹ̀yìn-Odò, odò tí wọ́n ń mu sì ni Atẹ́nilọ́rùn. Inú Igbó Ọ̀pọ̀-Ẹnu, níbi tí àwọn iwin ń gbé, ni odò náà ti ń ṣàn wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn obìnrin gbé ìkòkò dé etí odò, wọn kò bá omi. Ẹja ni wọ́n bá lórí iyanrìn, tí wọ́n ń la ẹnu, tí wọ́n ń pa á dé, bí arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Oṣù kan kọjá, èkejì kọjá. Àwọn èèyàn ń fi aṣọ fún omi jáde nínú ẹrẹ̀. Ní oṣù kẹta, ọmọ mọ́kànlá ni wọ́n sin, Ọdẹ́bùnmi sì wà níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ilẹ̀ gbogbo wọn.

Ọdẹ́níran kò lè mú un mọ́ra. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó dúró láàárín ọjà, ó ní, "Agbára mi tó mi. N kò nílò kí ẹnikẹ́ni rán mi. N ó mú omi bọ̀, bí mo bá sì dé, èmi ni ẹ óò máa wárí fún." Ó lọ. Ogójì ọjọ́ pé, wọn kò gbúròó rẹ̀.

Nígbà náà ni Ọdẹ́bùnmi tọ Baálẹ̀ Oyèkànmí lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀, mo fẹ́ lọ wá omi, mo sì fẹ́ wá àbúrò mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi pe ìlú jọ. Bí wọn kò bá rán mi, n kò ní lọ."

Baálẹ̀ ní, "Ọdẹ́bùnmi, ta ni kò ní rán ọ? Mo ti rán ọ ná."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀fun ni òùngbẹ ń gbẹ, kì í ṣe ọ̀fun yín nìkan."

Wọ́n pe ìlú jọ. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àlàdé fẹnu yọ, ó ní ṣé obìnrin ni ìlú yóò wá rán sí iwin. Ìyá arúgbó kan dá a lóhùn pé, "Àlàdé, ìbọn rẹ dà? Ṣé èyí tí aláǹtakùn ń gbé inú rẹ̀ náà ni?" Ẹ̀rín bú, Àlàdé jókòó. Ni olúkúlùkù bá ń tò kọjá, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń fọwọ́ kan ẹnu ìbọn Ọdẹ́bùnmi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wí pé, "Mo rán ọ." Ẹgbẹ̀rin èèyàn ni. Àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, oòrùn ti wọ igbó kí wọ́n tó tán.

Ẹsẹ̀ kan nílé, ẹsẹ̀ kan nínú igbó, ó dé bodè àwọn iwin. Oníbodè tó wà níbẹ̀ ga bí ọ̀pẹ. Kò ní ojú lórí. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ni ojú rẹ̀ wà, bó bá fẹ́ wo ènìyàn, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń ní kí òjò má rọ̀. Ó wo Ọdẹ́bùnmi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdẹ, mo fi ọwọ́ kan gbé erin, mo fi ọmọ-ìka gbé àpáta. Kí ni ohun tí n kò lè gbé? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, n ó fẹ́ ọ dànù bí ìyàngbò."

Ẹ̀yin tí ẹ ń mi orí yìí, ẹ̀yin ìbá sọ pé kí ni? Òkè? Ilẹ̀? Ẹ̀yin náà ìbá ti fò lọ. Ọdẹ́bùnmi kò sọ òkè, kò sọ ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé mi wò."

Oníbodè fi ìka méjì mú un ní ìbàdí. Kò mì. Ó fi ọwọ́ kan mú un, kò mì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n nínú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹyin iná. Òógùn bò ó. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dún bí igi gbígbẹ. Níkẹyìn ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Kí lo gbé sára?"

Ọdẹ́bùnmi ní, "Èèyàn ẹgbẹ̀rin ló rán mi, bàbá."

Oníbodè mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ehn! Agbára ni mo mọ̀ ọ́n gbé. Èyí kì í ṣe agbára, àṣẹ ni. Agbára ni ohun tí ènìyàn gbé wá fúnra rẹ̀. Àṣẹ ni ohun tí àwọn mìíràn fi lé e lọ́wọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó jọ ọ́ nímú wá síbí ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Mo bi í pé ta ló rán an, ó ní òun rán ara òun ni. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́ẹ̀kan, ó fò, ó bọ́ sábẹ́ àga Ọba Aláìtẹlẹ̀, ó sì ń rù ú títí di òní."

Ọdẹ́bùnmi sún mọ́ ọn. Ó ní, "Ó wà láàyè?"

"Ó wà láàyè. Máa lọ, n kò ní dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: má bá ọba náà jà. Kò sí ẹni tó bá a jà rí tí kò padà rù ú."

Bí ó ti lọ nìyẹn. Ti ejò olórí-ẹ̀yìn-olórí-iwájú tó pàdé, èyí tí ẹnu méjèèjì rẹ̀ ń jiyàn lórí ta ni yóò gbé e mì, tí ó sì fi ìjà wọn sílẹ̀ tó bá tirẹ̀ lọ, n kò ní sọ ọ́ lónìí. Ti igbó ẹ̀gún tí kì í ya aṣọ bí kò ṣe orúkọ ènìyàn, ọjọ́ mìíràn ni. Ẹni tó ń lépa erin kì í dúró ṣa tata.

Nígbà tí ó yọ sí ìlú ọba náà, ẹnu yà á. Àga kan wà láàárín ìlú, ó tóbi bí ilé mẹ́ta tí a gbé lé ara wọn. Igba iwin ló rù ú léjìká. Láti abẹ́ àga náà ni ẹsẹ̀ kan ti sọ̀ kalẹ̀, ó nípọn bí ìdí ìrókò, ó sì wọnú ẹnu ìsun Atẹ́nilọ́rùn tó dí i pa bí èdídí agbè. Àṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí odò nìyẹn! Ọba náà gbọ́ lọ́jọ́ kan pé bí àwọn èèyàn ìsàlẹ̀ bá mu omi tán, omi ni wọ́n ń yìn. Ó ní ta ni omi tí wọ́n ń kí i ṣáájú òun?

Ọba náà kò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti òkè bí ààrá. Ó ní, "Ìwọ ọdẹ, ẹsẹ̀ wo lo fi wọ ìlú mi?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, Kábíyèsí."

"Mo ṣe é lófin: ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọ ìlú yìí, orí rẹ̀ yóò kúrò lọ́rùn rẹ̀."

"Kábíyèsí, ìgbà wo ni òfin yìí ti wà?"

"Ìsinsìnyí. Àárọ̀ ni mo máa ń ṣòfin, ọ̀sán ni mo máa ń dájọ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bẹ́ orí. Nítorí náà jókòó, kó o dúró de ọ̀sán."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Ta ni kí n fún ní ọ̀kan? Bí wọ́n bá pé méjì, wọ́n á máa bi ara wọn ní ìbéèrè."

Wọ́n fi okùn so Ọdẹ́bùnmi mọ́ igi kan nísàlẹ̀ àga náà. Bí ó ti gbójú sókè, ó rí Ọdẹ́níran láàárín àwọn arùgá. Èjìká rẹ̀ ti bó, ó ti gbẹ bí ìgbín ẹ̀ẹ̀rùn. Omi bọ́ lójú ọmọkùnrin náà. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ já okùn yẹn kí ẹ sá lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa yín nítorí tèmi."

Ọdẹ́bùnmi ní, "Ọdẹ́níran, pa ẹnu mọ́, jẹ́ kí n ronú."

Iwin arúgbó kan ló rù ú ní igun àga tó sún mọ́ ọn jù. Ẹrùòpamí ni wọ́n ń pè é. Ọdẹ́bùnmi wò ó títí, ó ní, "Bàbá, èmi ni wọ́n so mọ́lẹ̀. N kò rí okùn lára yín. Kí ló so yín mọ́ àga yìí?"

Ẹrùòpamí ní, "Kò sí ohun tó so wá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń rù ú?"

"Bàbá mi rù ú. Bàbá bàbá mi rù ú. Wọ́n ní ọjọ́ tí a bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ọ̀run yóò ya lulẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Arúgbó náà ronú. Ó pààrọ̀ èjìká. Ó tún ronú. Ó ní, "Òun náà ló sọ ọ́."

Oòrùn kan àtàrí. Ìlú pé jọ síbi ẹjọ́. Ọba ní, "Ọdẹ, o jẹ̀bi. Ṣé o ní ọ̀rọ̀ kankan?"

Ó ní, "Kábíyèsí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ṣé òfin yìí mú gbogbo ènìyàn, àbí ó mú àlejò nìkan?"

Ọba wú bí ọ̀pọ̀lọ́. "Òfin mi kò mọ onílé, kò mọ àlejò! Ẹnikẹ́ni ni mo wí, ẹnikẹ́ni náà ni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Kábíyèsí? Ẹsẹ̀ wo lẹ fi wọ ìlú?"

Ọba rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òmùgọ̀ ọdẹ! Èmi kì í fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Gbígbé ni wọ́n gbé mi wọ̀ ọ́."

"Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n fi gbé yín wọ̀ ọ́?"

"Ẹsẹ̀ àwọn arùgá mi ni."

"Ọ̀tún ni, àbí òsì?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé kí wọ́n tó gbé àga wá dí ìsun, ní òròòwúrọ̀, ọba fúnra rẹ̀ ló máa ń kígbe pé, "Ọ̀tún ló kọ́kọ́!", tí igba iwin á sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ọba yí díẹ̀. Ìbá sọ pé òfin náà ti yí padà, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ẹni tí kò tíì sọ̀kalẹ̀ rí kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ó kígbe pé, "Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún, wọ́n jẹ̀bi! Ní ìrọ̀lẹ́ òní n ó bẹ́ gbogbo wọn, n ó sì wá arùgá mìíràn!"

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àga bí ìgbà tí oyin fẹ́ ṣí. Ẹrùòpamí kò pariwo. Pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń bèèrè ọ̀nà, ó ní, "Kábíyèsí, ta ni yóò gbé yín lọ síbi tí ẹ óò ti bẹ́ wa lórí?"

Ọba bojú wo àwọn èjìká tó rù ú.

Ni arúgbó náà bá yọ èjìká rẹ̀. Ó yọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ènìyàn ti ń yọ ọwọ́ lábẹ́ orí ọmọ tó sùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yọ tirẹ̀. Àga fì sí ọ̀tún, ó fì sí òsì. Ọdẹ́níran bẹ́ síta, ogún bẹ́ tẹ̀lé e, ọgọ́rùn-ún bẹ́ tẹ̀lé wọn, àga ńlá náà sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, GBÌÌÌ! Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dí ìsun fà yọ, omi sì tú jáde, ó ta sókè ju igi àràbà lọ. Gbogbo wọn wo ọ̀run. Ọ̀run kò ya. Ẹyẹ kan ń fò lọ níbẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Ọba Aláìtẹlẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́! Bí ó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ni wọn ìbá fi rán ìyá mi àgbà? Ẹnì kan kò tíì pa ẹ̀kùrọ́ kan tán tí àwọn iwin fi bẹ̀rẹ̀ sí í du àga. Èyí ń wí pé, "Èmi ni kí ẹ gbé!", tọ̀hún ń wí pé, "Èmi ló kàn!" Àwọn kan ti ń kó iyanrìn dí omi, kí ó lè jẹ́ tiwọn nìkan. Omi tó ga ju àràbà lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀. Ta sì ni ẹni tó kọ́kọ́ gun àga náà jókòó? Ọdẹ́níran ni.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé mi. Ẹ rò ó wò! Bí èmi bá wà níhìn-ín, omi Ìgbẹ̀yìn-Odò kò ní gbẹ títí ayé. Tiwa ni yóò máa kọ́kọ́ ṣàn sí. Ẹ̀jẹ̀ yín ni mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ ìyá mi àgbà létí. Ó rí sàréè mọ́kànlá lójú ọkàn rẹ̀, ó sì rí èjìká àbúrò rẹ̀ tó bó. Lẹ́yìn náà ó fa okùn tó so ó já, ó mú àáké kan tó wà nílẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́níran, bí o bá lè ṣí omi nítorí pé mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, wàá tì í lọ́jọ́ tí mo bá ṣẹ̀ ọ́. Sọ̀kalẹ̀."

"Ẹ fẹ́ fi àáké ṣá mi ni?"

"Àga ni mo fẹ́ ṣá. Bí o bá wà nínú rẹ̀, ìwọ lo mọ̀."

Wọ́n wo ara wọn. Ọdẹ́níran ló kọ́kọ́ gbé ojú sílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ìtìjú bò ó, ó sì na ọwọ́, ó ní, "Ẹ gbé àáké náà fún mi. Ẹ ti rìn jìnnà." Òun ló kọ́kọ́ ṣá ẹsẹ̀ àga náà. Àwọn iwin dara pọ̀. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, wọ́n ti la á sí ìjókòó kéékèèké, igba ó lé ọ̀kan. Ọ̀kan tó lé yẹn, ti ọba tẹ́lẹ̀ ni.

Wọ́n jókòó yí ìsun ká. Wọ́n ní kí Ọdẹ́bùnmi ṣòfin fún àwọn. Ó kọ̀. Ó ní, "Ìlú mi rán mi wá gba omi, wọn kò rán mi wá jọba lé yín lórí. Ìlú yín ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ ọ́. Ariwo wọn lé gbogbo ọ̀bọ kúrò nínú igbó. Nígbà tí wọ́n parí, Ẹrùòpamí dìde sọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí. Ó ní àwọn tí yóò máa ṣòfin, kì í ṣe àwọn ni yóò máa dájọ́. Àwọn tí ń dájọ́, idà kò ní sí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí idà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé e àfi bí àwọn tó kù bá ní kó gbé e. Ó ní òfin tí a bá ṣe lónìí kò gbọdọ̀ mú ẹni tó ṣe nǹkan lánàá. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó lé omi lórí mọ́, ìbáà jẹ́ ọba, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba, ìbáà jẹ́ òun Ẹrùòpamí fúnra rẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló fara mọ́ ọn. Ọwọ́ igba lọ sókè. Ọba tẹ́lẹ̀ wo ọ̀tún, ó wo òsì, òun náà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò dá a lójú pé wọn yóò kà á. Wọ́n kà á. Nígbà tí Ọdẹ́bùnmi ń lọ, iwin méjì ló mú ọba tẹ́lẹ̀ lápá, tí wọ́n ń kọ́ ọ ní ìrìn.

Tẹ̀gbọ́n tàbúrò dorí kọlé, omi ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdẹ́níran ní, "Ẹ jẹ́ ká bá omi sáré." Wọ́n sáré, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà èwe, ṣùgbọ́n omi kì í sinmi, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ sí etí ìlú, Ọdẹ́bùnmi ti to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún àwọn tó bá wá pàdé rẹ̀. Kò sí ẹni tó wá pàdé rẹ̀. Gbogbo ìlú wà nínú odò. Àwọn obìnrin ń da omi sí ara wọn lórí. Àlàdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé ẹnu lé omi bí ewúrẹ́. Baálẹ̀ Oyèkànmí wọ inú odò tòun ti agbádá, agbádá náà wú yí i ká bí ewé òṣíbàtà. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń kọrin, ọ̀kan nínú wọn kò bojú wo ọ̀nà igbó.

Ọdẹ́níran fajú ro. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i? Wọn kò tilẹ̀ rí wa."

Ọdẹ́bùnmi gbé ìbọn kọ́ ẹ̀ka igi. Ó ṣán aṣọ rẹ̀ le. Ó ní, "Mo rí i, Ọdẹ́níran. Mo rí i dáadáa." Ó fò sínú omi, ó bọ́ sáàárín wọn, ó sì mu ún títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ibi tí ẹsẹ̀ ìyá mi àgbà dúró sí, ibẹ̀ ni ẹnu mi dúró sí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó má gbé e mì nìkan. Kó tú u fún ará ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n gbé agbè ẹmu mi, ọ̀fun onítàn náà a máa gbẹ.